Píkíníìkì inú ilé fún tọkọtaya: báwo ni a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní dà bí oúnjẹ alẹ́ ojoojúmọ́?

Ìrọ̀lẹ́ Dára (ẹni tó béèrè)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé pọ̀, a sì ní ọmọ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwa méjèèjì ni a ń ṣiṣẹ́, ó sì ti wá di pé ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín wa kò ju ti ẹni tí yóò lọ mú ọmọ wálé àti ti ohun tó tán nínú ilé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò ó pé kí á máa ya alẹ́ kan sọ́tọ̀, kí á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa, kí á sì jókòó jẹun bí ẹni tó jáde lọ ṣe fàájì.

A dán an wò ní oṣù tó kọjá, kò sì rí bí mo ṣe fẹ́. Ọkọ mi dìde lọ sí ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹfà: ó lọ mú iyọ̀, ó lọ mú ṣíbí, ó lọ bu omi, ó lọ wá ohun tí a fi ń ṣí ìgò. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti dìde ni èmi náà ń gbé fóònù mi. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, a bá gba orí àga lọ, a tan tẹlifíṣàn, alẹ́ náà sì parí bí àwọn alẹ́ yòókù ṣe ń parí. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo ti ń retí rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí a ó tún un ṣe. Pálọ̀ wa kò tóbi. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí i: kí ni ẹ ń ṣe tí tiyín fi ń yàtọ̀, irú oúnjẹ wo ló bá a mu, báwo ni ènìyàn ṣe ń pẹ́ ní ìjókòó ilẹ̀ láìní ìrora, kí sì ni kí á ṣe nípa ọmọ?

Akéde Ayọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Lójú tèmi, ìdìde lẹ́ẹ̀mẹfà yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ìyókù kàn tẹ̀lé e ni. Bí ènìyàn bá jáde lọ jẹun níbi tó jìnnà sílé, kò sí ilé ìdáná tí yóò sáré padà sí. Ohun tó bá gbàgbé ti di ìgbàgbé, yóò sì fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe é. Èyí ni ẹ ní láti mú wọ inú ilé yín. Tí ẹ bá ti jókòó, kí ẹ gbà pé ẹ ti ti ilé ìdáná, pé kò sí ohunkóhun lẹ́yìn àwọn ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ kó oúnjẹ sí. Tèmi tìyàwó mi ti gbàgbé iyọ̀ rí, a sì jẹ ẹyin láìsí iyọ̀ pẹ̀lú ayọ̀, nítorí a ti jọ pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní dìde.

Bí ẹ bá ń di apẹ̀rẹ̀ náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ oúnjẹ. Ẹ fi ọkàn jẹ oúnjẹ náà tán ná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa bi ara yín pé kí ni a ó ṣí, kí ni a ó dà, kí ni a ó gé, kí ni a ó fi nu ọwọ́, ibo ni a ó kó ìdọ̀tí sí. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò fi ohun èlò kan hàn yín tí ẹ kì bá ti rántí. Àpò ìdọ̀tí àti aṣọ rírin tí a fi ń nu ọwọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ọ̀rọ̀ tí a ti mú píkíníìkì, ìyẹn pique-nique, ti wà nínú èdè Faransé, ohun tí wọ́n sì ń fi í pè nígbà náà ni oúnjẹ tí olúkúlùkù mú ìpín tirẹ̀ wá sí, tàbí tí ó dá owó tirẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn kan dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Pic Nic Society sílẹ̀ ní London ní nǹkan bí ọdún 1801, inú ilé ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń ṣeré orí ìtàgé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí tó wá di ti oúnjẹ orí koríko. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe píkíníìkì nínú ilé kò fara wé nǹkan kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló padà sí.

Ìpín yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ẹ jọ pín apẹ̀rẹ̀ sí méjì, kí ìwọ di tìrẹ, kí ọkọ rẹ di tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tó wà nínú ti ẹnì kejì títí tí ẹ ó fi jókòó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ló se oúnjẹ, ló tẹ́ aṣọ, ló tún kó àwo, oúnjẹ lásán ló gbé kalẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ọwọ́ Alásè

Mo fara mọ́ ohun tí Akéde Ayọ̀ sọ pátápátá. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí oúnjẹ díẹ̀.

Oúnjẹ tó yẹ ìjókòó ilẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ kan lè mú, tí kò nílò ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, tí kò sì ń kán sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ kò ní tábìlì níwájú rẹ̀. Bí ó bá gbé àwo lọ́wọ́ kan tó sì ń gé ẹran lọ́wọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ yóò wà lára àwo náà ni, kò ní wà lára ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gé gbogbo nǹkan sí ìwọ̀n tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e wá. Adìyẹ yíyan tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹyin sísè, wàràkàṣì, búrẹ́dì, èso àti ẹ̀pà dára púpọ̀. Ọbẹ̀ tó bá ṣàn kò yẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ ó máa fi búrẹ́dì tọ́, ẹ jẹ́ kí ó ki débi pé bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kò ní ya lulẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ sáńwíìṣì ni ẹ fẹ́, ẹ fi bọ́tà pa búrẹ́dì náà kárí títí dé etí kí ẹ tó to tòmátì tàbí kùkúńbà sí i, nítorí ọ̀rá inú bọ́tà ni kì í jẹ́ kí omi wọ inú búrẹ́dì. Iyọ̀ a máa fa omi jáde lára tòmátì, nítorí náà ẹ má wọ́n ọn sí i títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gé ápù sílẹ̀, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ pa á lára. Kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ojú ápù náà tètè dúdú.

Ohun tó wá ń kó ìdààmú bá mi jù ni àkókò. Píkíníìkì tó bá dùn máa ń gùn, oúnjẹ sì máa ń wà nílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí oúnjẹ ṣe ènìyàn léṣe máa ń tètè pọ̀ sí i láàárín ìwọ̀n 4°C sí 60°C, pálọ̀ ẹnikẹ́ni sì wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí. Ẹran sísè, ẹja, ẹyin, wàràkàṣì tó rọ̀ àti ohunkóhun tí a fi mayonéèsì pò kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí iyàrá náà bá gbóná ju 32°C lọ, wákàtí 1 péré ni. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń fi ìgò omi méjì sínú fírísà láti alẹ́ àná, n ó tò wọ́n sínú kúlà, n ó sì to oúnjẹ yí wọn ká. Ní ìparí alẹ́, a ó tún rí omi tútù mu lára wọn. Ìwọ̀nba tí a ó jẹ lẹ́sẹ̀ kan náà ni kí ẹ máa yọ síta, kí ìyókù wà nínú kúlà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ má baà nílò láti dìde.

Nípa mímu, ife tí ìdí rẹ̀ gbòòrò ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé e lé orí tíréè. Ife ẹlẹ́sẹ̀ gíga lórí aṣọ tí a tẹ́ sí orí kápẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ ṣubú.

Olójú Ààrò

Ọwọ́ Alásè, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi ní láti tutù? Ìyàwó mi kì í fẹ́ oúnjẹ tútù lálẹ́ rárá, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀. Fúláàsìkì ńlá ni a máa ń lò. Mo máa ń da omi híhó sí i, n ó dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n ó da omi náà nù, lẹ́yìn náà ni n ó wá da ọbẹ̀ tó ń hó sínú rẹ̀. A máa ń mu ún nínú ife onímù, èyí tó ní ọwọ́ ìdìmú, kì í sì í ya dànù.

Ọwọ́ Alásè

Òótọ́ lẹ sọ, ife onímù sì ti yanjú ohun tí mò ń bẹ̀rù. Bí fúláàsìkì yín bá lè mú kí ọbẹ̀ náà wà lókè 60°C títí tí ẹ ó fi mu ún tán, kò séwu.

Ẹ̀ṣọ́ Iná

Mo ṣe iṣẹ́ panápaná fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan yóò dárúkọ àbẹ́là láìpẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀. Àbẹ́là tó wà lórí tábìlì àti àbẹ́là tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ọgba. Nígbà tí ẹ bá jókòó sílẹ̀, ètí aṣọ yín, apá ẹ̀wù yín, irun yín, ìrọ̀rí àti kọ́tìnì gbogbo ló ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí iná wà. Ẹni tó bá na ọwọ́ láti mú èso lè gba orí iná kọjá láìmọ̀.

Bí ẹ bá máa tan àbẹ́là gidi, ẹ gbé e sórí ohun tó le tó sì dúró dáadáa, kí ó ga ju ibi tí ẹ jókòó sí lọ, kí ohunkóhun tó lè gbiná má sì sún mọ́ ọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìhà kankan. Ẹ gé òwú rẹ̀ kù sí nǹkan bí mìlímítà 6 kí ẹ tó tàn án, kí ọwọ́ iná rẹ̀ má baà ga jù. Ẹ pa á kí ẹ tó kúrò nínú iyàrá, ẹ sì pa á bí oorun bá ti ń kùn yín, nítorí alẹ́ irú èyí ni ènìyàn máa ń sùn lọ lórí ìrọ̀rí. Àbẹ́là oníbátìrì ni mo fẹ́ràn jù fún ìjókòó ilẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lo iná wẹ́wẹ́ olókùn, ẹ má ṣe fi aṣọ tàbí kápẹ́ẹ̀tì bo okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan tó kù, èyí tí mo bẹ̀ yín gidigidi lé lórí: ẹ má ṣe gbé ààrò èédú wọ inú ilé láti yan ẹran, kódà bí ẹ bá ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí fífọ́ àti oorun ló máa ń kọ́kọ́ fi mú ènìyàn, a sì máa pa ènìyàn. Ẹ yan ẹran níta, kí ẹ gbé e wọlé.

Fèrèsé Kejì

Pálọ̀ tiwa náà kéré, nítorí náà mo mọ ìṣòro rẹ dáadáa, Ìrọ̀lẹ́ Dára. Mo ti wá rí i pé bí pálọ̀ ṣe tóbi tó kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ti mọ ọ́n jù. Bí ẹ bá tẹ́ aṣọ síwájú tẹlifíṣàn, níbi tí ẹ ti ń jókòó lójoojúmọ́, ara yín yóò ṣe ohun tó ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jókòó síbi tí ẹ kò jókòó sí rí. Àwa máa ń ti àga kan sẹ́yìn, a ó tẹ́ aṣọ sí igun tó wà lábẹ́ fèrèsé, a ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo iyàrá náà. Láti ibẹ̀, àwọsánmà àti ewé igi nìkan ni à ń rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ìyàwó mi ní òun kò mọ̀ pé a lè rí òṣùpá láti inú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ọdún kẹrin wa níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ pa gílóòbù òkè àjà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè bọ̀ máa ń jẹ́ kí ilé rí bí ibi iṣẹ́. Ẹ gbé fìtílà tábìlì kan sílẹ̀ sẹ́yìn àga kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa lu ògiri, gílóòbù aláwọ̀ iyeyè rírọ̀ tí wọ́n kọ 2700K sí lára ni kó sì jẹ́. Ẹ fi aṣọ bo tẹlifíṣàn. Ẹ kó bébà iṣẹ́ àti aṣọ tí ẹ kò tíì ká kúrò lójú pátápátá, nítorí ìgbà tí ojú bá ti kàn wọ́n ni ọkàn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi gbà pé ìyípadà kékeré yìí ṣe pàtàkì ni ìwádìí kan tí Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Wọ́n so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn olólùfẹ́ méjì méjì pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ àti eékún rìn lọ rìn bọ̀ lórí ẹní rírọ̀, kí wọ́n jọ fi ara gbé ìrọ̀rí kan láì fi ọwọ́ dì í mú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 7 péré ni, síbẹ̀ àwọn tó ṣe é sọ pé ìbáṣepọ̀ àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn ju bí àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò ní ohun àjèjì nínú ṣe sọ. N kò ní kí ẹ so ara yín mọ́lẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tuntun tí ẹ jọ ṣe, bó ti wù kó kéré mọ, ní agbára tirẹ̀.

Àgbà Méjì

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti wà pọ̀, eékún wa kò sì rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń ṣe é. Ìrora ẹ̀yìn tí o sọ yẹn, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ìdí wà nísàlẹ̀, eékún sì wà lókè, tí ẹ̀yìn á wá tẹ̀ bí ọrun. Ẹ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kan kí ó ki dáadáa, kí ẹ jókòó sí etí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdí yín yóò ga ju eékún yín lọ díẹ̀. Kí ẹ̀yìn yín sì rí nǹkan fara tì, yálà ògiri tàbí ìsàlẹ̀ àga, kí ẹ fi ìrọ̀rí kékeré kan sí ìbàdí. Ẹ máa yí ìjókòó padà. Ara kò fẹ́ràn kí á fi í sójú kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sófin tó ní ilẹ̀ ni dandan. Ní ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, orí ibùsùn ni a tẹ́ aṣọ náà sí, mo gbé tíréè sáàárín wa, a sì jẹ èso àti búrẹ́dì. Kò lè jókòó pẹ́, nítorí náà ó fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ń bọ́ ọ. Nínú gbogbo èyí tí a ti ṣe, ọjọ́ náà ni mo máa ń rántí jù.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ̀gbọ́n yín ni mo jẹ́ nínú ìyẹn, nítorí méjì ni wọ́n wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a ó ti se gbogbo nǹkan, a ó tan iná, lẹ́yìn náà ni a ó wá lọ tẹ́ ọmọ sùn. Ọmọ á rí i pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀, kò sì ní gbà láti sùn. Ẹ jẹ́ kí ilé rí bí ó ṣe ń rí títí oorun yóò fi gbé e lọ pátápátá. Ohun gbogbo yóò ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná, tó fi jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ bá sùn, ẹ ti jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín jù ní alẹ́, ẹ lo ìgbà tó bá ń sun oorun ọ̀sán ní ọjọ́ ìsinmi. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé dára ju fìtílà èyíkéyìí lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ yẹn, ohun tó bá rí yóò gba ẹnu lọ. Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀pà àti èso àjàrà tó bá yí sábẹ́ àga kí ẹ tó lọ sùn, nítorí wọ́n lè há ọmọdé lọ́fun. Kódà bí ẹ bá fẹ́ fún un ní èso àjàrà, ẹ là á ní òòró sí mẹ́rin. Ẹ̀ṣọ́ Iná dámọ̀ràn àbẹ́là oníbátìrì, mo sì gbà pẹ̀lú yín, sà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí bọ́tìnnì. Bí ọmọ bá gbé irú rẹ̀ mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi síkírúù dé ibi tí bátìrì rẹ̀ wà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sókè. Bí ajá bá wà nílé, èso àjàrà àti ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún un.

Olóòótọ́ Ọkàn

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ba tèmi jẹ́, kí ẹlòmíràn lè yẹra fún un. Mo ṣètò rẹ̀ fún ìyàwó mi láìsọ fún un. Mo ra òdòdó, mo tan iná, mo dúró. Ó dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ó fẹ́ wẹ̀ kí ó sì sùn, ó wá rí i pé òun ní láti máa rẹ́rìn-ín. Ó jókòó nítorí mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ìyà ni mo fi jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ ọjọ́ àti wákàtí fún un ṣáájú. Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ń fi pamọ́.

Ẹ má sì ṣe fi alẹ́ yìí parí ìjà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀ láàárín yín, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn lórí àga, kí aṣọ píkíníìkì má baà di ibi tí a ti ń dájọ́.

Akéde Ayọ̀

Èyí wọ̀ mí lọ́kàn. Kí wá ni kí a sọ? Mo ti gbọ́ nípa àwọn ìbéèrè 36 tí Aron kan náà lò nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1997: ìpele mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n ń jinlẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lọ, láàárín ìṣẹ́jú 45 ni àwọn tí kò mọ ara wọn rí sì fi wọ́n sún mọ́ ara wọn. Ṣé ẹnì kan ti lò wọ́n rí?

Olóòótọ́ Ọkàn

A lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó dára, ṣùgbọ́n kíka ìbéèrè láti inú bébà mú kí ó rí bí ìdánwò fún wa. Ohun tó bá wa mu ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ohun kan tí kì í ṣe oúnjẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: fọ́tò àtijọ́, lẹ́tà, tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò kan, bọ́tìnnì ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ kan báyìí. Ìgbà tí oúnjẹ bá ti ń tán ni ẹ ó yọ ọ́. Fóònù méjèèjì kò gbọ́dọ̀ sí nínú iyàrá náà; bí ẹ bá fẹ́ orin, ẹ ti yàn án sílẹ̀ ṣáájú kí ó máa kọ láti iyàrá kejì.

Ìrọ̀lẹ́ Dára (ẹni tó béèrè)

Mo padà wá dúpẹ́. A ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mo fi ọjọ́ náà tó ọkọ mi létí láti ọjọ́ Mọ́ńdè, a pín apẹ̀rẹ̀ sí méjì, abẹ́ fèrèsé ni a sì jókòó sí. Ọmọ sùn ní agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀. A ti jókòó kí ó tó di mẹ́jọ ààbọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní àárín oúnjẹ, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láti gbọ́ ọ, n kò sì rántí ìgbà tí a ti jọ dákẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá wa Àgbà Méjì, ẹ ṣeun, bùláńkẹ́ẹ̀tì kíká yẹn gba ẹ̀yìn mi là. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkọ mi dìde, láti lọ wo ọmọ.

Ohun tó mú wá nínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí mo kọ àwọn ohun tí a fẹ́ rà sí ní oṣù àkọ́kọ́ tí a kó wọlé. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. A kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí nǹkan mọ́kànlá inú rẹ̀ fà sì gùn títí di ọ̀gànjọ́ òru.

Ìbéèrè kan ló kù. Omi ara ìgò dídì inú kúlà jò, ó rin aṣọ, nígbà tí mo sì fẹ́ gbé e kúrò ni mo da omi èso àjàrà pupa sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, àbàwọ́n ṣì wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọwọ́ Alásè

Inú mi dùn gan-an. O ṣe dáadáa tí o tẹ̀ ẹ́. Má ṣe fọwọ́ ra á, nítorí rírà máa ń ti àbàwọ́n wọ inú fọ́nrán, ó sì máa ń tàn án ká. Da omi tútù díẹ̀ sí i, fi aṣọ funfun mímọ́ tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín, máa pààrọ̀ ojú aṣọ náà títí tí kò fi ní gba àwọ̀ mọ́. Bí ó bá ṣì kù, po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo, ṣíbí kékeré kan, mọ́ ife omi méjì, kọ́kọ́ dán an wò ní igun tí ojú kì í tó, kí o wá fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ sí ojú àbàwọ́n náà, kí o sì tún fi omi tútù tẹ ọṣẹ náà kúrò. Má lo omi gbígbóná. Ní ìgbà mìíràn, fi aṣọ ìnura yí ìgò dídì náà kí o tó tò ó sínú kúlà, kí o sì tẹ́ ọ̀rá tó fẹ̀ sábẹ́ aṣọ píkíníìkì náà kí ẹ tó jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ Dára (ẹni tó béèrè)

Ó ti lọ. Ó ku òjìji díẹ̀ tí èmi nìkan lè rí. A ti mú ọjọ́ mìíràn, ọkọ mi sì ní òun ni yóò yan ibi tí a ó jókòó sí.